Fìtílà Ló Ni Yàrá, Gílóòbù Ń Bá A Ṣiṣẹ́ Ni

Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọ̀rọ̀ iná inú ilé

Lẹ́tà mẹ́ta ló wà níwájú mi lóṣù yìí, yàrá àdúrà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tó ń bá wa gbé ni gbogbo wọn sì dá lé. Èyí tó gùn jù ni mo fi ṣáájú, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n sì ti tọ́ mi dàgbà. Ọmọ ilẹ̀ Íńdíà láti ìpínlẹ̀ Gujarat ni ọkọ mi, ẹlẹ́sìn Híńdù ni, ó sì ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí a ti jọ ń gbé. Ilé tí a ń kọ́ ní agbègbè LAUTECH ti dé orí wáyà fífà báyìí. A ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àdúrà rẹ̀: gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, ìbú rẹ̀ jẹ́ 8, àjà rẹ̀ sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá láti Íńdíà kí ọdún Diwali, àjọ̀dún fìtílà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, tó dé. Bí mo bá bi ọkọ mi pé irú iná wo ni kí a fi sí yàrá náà, ohun tó máa ń sọ ni pé èyíkéyìí ló dára. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ kò lè fi irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sùn. Oníṣẹ́ iná wa fẹ́ kan páńẹ́lì iná funfun oníwáàtì 18 mọ́ àárín àjà, kó sì lẹ iná aláwọ̀ mèremère mọ́ ẹ̀yìn àwọn ère. Èmi ní tèmi fẹ́ ra ìbòrí iná méjì ní Ọ̀yọ́, ọ̀kan tí wọ́n fi igbá fínfín ṣe, èkejì tí wọ́n fi awọ ṣe, kí yàrá náà lè ní nǹkan tiwa nínú. Kí ni kí a ṣe?
Ìyàwó ilé kan, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ilé, ìyáàfin, ẹ sì kú ìmúra de àlejò. Inú mi dùn pé wáyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú ògiri ni, nítorí pé bí wọ́n bá ti rẹ́ ilé tán, àtúnṣe a di ọ̀rọ̀ fífọ́ ògiri.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ìyá ọkọ yín yóò máa ṣe nínú yàrá náà, nítorí pé iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe níbì kan ló ń sọ irú iná tó yẹ ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò wẹ̀, yóò bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, yóò tan fìtílà kékeré tí wọ́n ń pè ní diya, yóò ṣáná sí igi olóòórùn dídùn, yóò to òdòdó síwájú ère tí wọ́n ń pè ní murti, lẹ́yìn náà ni yóò gbé iná fìtílà lọ́wọ́, tí yóò máa yí i po níwájú ère náà, tí agogo kékeré yóò sì máa dún lọ́wọ́ kejì. Ìyẹn ni aarti. Ohun tó sì gbé e dé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè ní darshan, èyí ni pé kó rí ojú ọlọ́run rẹ̀, kí ọlọ́run náà sì rí òun. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ojú ni ìsìn pàápàá wà. Àlejò pàtàkì ni wọ́n ka murti sí, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí í gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ sínú òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ ni a kì í tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú.

Ohun méjì péré ni gbogbo iṣẹ́ náà, nígbà náà. Kí ojú murti hàn kedere sí ẹni tó jókòó nílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí iná mànàmáná má sì dójú ti iná kékeré tó ń jó lórí òwú. Fìtílà ló ni yàrá náà. Gílóòbù wá bá a ṣiṣẹ́ ni.

Ẹ má ka diya sí ohun àjèjì. Àwo kékeré alámọ̀ tó ní ẹnu ṣóńṣó ni, òwú wà nínú rẹ̀, epo wà lábẹ́ òwú. Ẹni tó bá bá ìyá àgbà gbé lábúlé kí wáyà iná tó dé ibẹ̀ ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, ìyẹn fìtílà alámọ̀ tiwa tí wọ́n ń bu àdín tàbí òrí sí. Ghee, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì sẹ́, ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn láti máa bu sí tiwọn, bí kò bá sì sí ghee, wọn a lo òróró yànmọ̀tí, èyí tí kò ṣòro rí lọ́jà wa. Mo ní láti là á mọ́lẹ̀ níbí yìí pé inú wàrà màlúù ni ghee ti ń wá. Kì í ṣe ọ̀rá màlúù. Ẹni tó bá fẹ́ ràn ìyá lọ́wọ́, tó wá lọ ra ọ̀rá lọ́wọ́ alápatà nítorí pé ó gbọ́ orúkọ màlúù, yóò dá ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ wá gbé fìtílà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ páńẹ́lì tí oníṣẹ́ yín fẹ́ kàn. Iná àbẹ́là kan ṣoṣo kò ju nǹkan bíi lúmẹ̀n 12 lọ, lúmẹ̀n sì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Páńẹ́lì oníwáàtì 18 sábà máa ń lé ní lúmẹ̀n 1,400. Bí ẹ bá tan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sókè orí fìtílà, iná fìtílà náà yóò ṣì máa jó, ṣùgbọ́n kò ní í tànmọ́lẹ̀ sí ohunkóhun mọ́, àfi bí ẹni tí wọ́n sọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ láwùjọ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi alára. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kan irú páńẹ́lì bẹ́ẹ̀ sí yàrá àdúrà oníbàárà mi kan, mo sì ń fọ́nnu pé kò sí ibi tí òkùnkùn lè sá sí nínú yàrá náà. Ìyá àgbà tó wà nínú ilé náà wọlé, ó tan diya rẹ̀, ó wo òkè, ó wo mí, ó sì na ọwọ́ sí súwíìṣì, ó pa á. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Inú òkùnkùn náà ni mo ti wá rí ohun tí mo bàjẹ́: ojú ère tó dà bí ike ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ti wá ń rẹ́rìn-ín, bí iná ṣe ń mì ni ojú náà ń mì. Mo tú páńẹ́lì náà lọ́jọ́ kejì, mi ò sì gba owó iṣẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò lára páálí gílóòbù ni nọ́ḿbà tí lẹ́tà K wà lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ḿbà yìí ló ń sọ bóyá iná náà pọ́n díẹ̀ bí ti gílóòbù àtijọ́ tàbí ó funfun gbòò. Iná fìtílà fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 1,900K sí 2,000K. Èyí tí wọ́n ń kó wọ ọjà wa jù ni 6,500K, iná funfun tó ń fẹ́ di àwọ̀ aró, tó dára fún ilé ìdáná àti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wá 2,700K, bí ẹ kò bá sì rí i, ẹ má kọjá 3,000K. Bí ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ gílóòbù àti ti fìtílà bá pọ̀ jù, iná méjèèjì yóò máa bára wọn jà lójú ère: ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á pọ́n, ìkejì á ṣú bí ti ẹni tí òtútù mú.

Ohun kejì kò gba ariwo púpọ̀ lórí páálí, ṣùgbọ́n òun ló ń fi ẹni tó mọṣẹ́ hàn. Wọ́n ń kọ ọ́ ní CRI tàbí Ra, ó sì ń sọ bí iná náà ṣe ń fi àwọ̀ ohun gbogbo hàn bó ṣe rí. 100 ni òpin rẹ̀, 80 ni ọ̀pọ̀ gílóòbù ọjà ń ní, èyí tó bá tó 90 ni kí ẹ rà fún yàrá yìí. Àwọ̀ ló kún ibẹ̀: àtíkè pupa tí wọ́n fi ń sàmì sí iwájú orí, atalẹ̀ pupa, òdòdó aláwọ̀ ọsàn, aṣọ ṣẹ́dà tí wọ́n wọ̀ fún ère. Lábẹ́ iná tí CRI rẹ̀ kéré, pupa a dà bí ìpẹtà. Àwọn ọlọ́jà kan yóò sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ló tó 90, nítorí náà ẹ mú gèlè àlàárì yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kọ́kọ́ wò ó ní ìta nínú oòrùn, kí ẹ tó wò ó lábẹ́ gílóòbù tí wọ́n tàn fún yín. Bí àlàárì náà bá dà bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ ní ogún ìgbà, ẹ dá gílóòbù padà. Aṣọ òkè kì í purọ́ fún ẹni tó ni ín.

Ibi tí a óò gbé iná sí ló wá ṣòro jù, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ kí oníṣẹ́ yín fi sùúrù gbọ́. Àárín àjà kò dára fún yàrá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Ẹni tó dìde láti ṣe aarti yóò sún mọ́ pẹpẹ, iná tó wà lókè yóò máa ti ẹ̀yìn rẹ̀ bọ̀, òjìji orí rẹ̀ yóò sì bọ́ sí ojú ère tó ń sìn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò dára kí iná wà lórí ère gan-an, nítorí pé ihò ojú yóò ṣókùnkùn, òjìji imú yóò sì di irùngbọ̀n. Ti ìsàlẹ̀ ló burú jù. Ẹ rántí bí ọmọdé ṣe máa ń fi tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ àgbọ̀n láti fi dẹ́rù ba àbúrò rẹ̀.

Ó yẹ kí iná náà ti iwájú òkè wá, kó dà gẹ̀rẹ́ sí ojú ère. Bí pẹpẹ yín bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3, ojú murti kékeré yóò wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 ààbọ̀ sí ilẹ̀. Láti ojú ère náà, kì í ṣe láti ara ògiri, ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 bọ̀ síwájú, kí ẹ sì sàmì sí àjà lókè ibẹ̀. Ibẹ̀ ni kí wọ́n fi gílóòbù tó ń da iná síbì kan ṣoṣo sí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní spọ́ọ̀tì. Wáàtì 5 ti tó, kí fífẹ̀ ìtànṣán rẹ̀ jẹ́ dígírì 36 tàbí kó dín sí i. Bí wọ́n bá kàn án síbẹ̀, ẹni tó jókòó kò ní í dí i, ẹni tó dúró pàápàá kò ní í dí i àfi bó bá fẹ́ fi imú kan pẹpẹ.

Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Ní alẹ́ kan, ẹ gbé àpótí kan tó ga tó pẹpẹ síbẹ̀, kí ẹ gbé ère lé e, kí ọkọ yín jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀, kí oníṣẹ́ iná gun àkàbà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó máa sún un díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ yín yóò fi sọ pé ó tó. Ẹni tó jókòó nílẹ̀ ni kó dájọ́. Bí ère náà bá jẹ́ idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ họ dán, yóò máa kọ mànà sí i lójú láti ibì kan. Ẹ sún tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀tún tàbí sí òsì ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, mànà náà yóò lọ. Kí ẹ sàmì síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé inú àpótí onígi tó ní òrùlé ni àwọn ère náà yóò wà, bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe máa ń ṣe é, iná àjà kò ní í wọ ibẹ̀. Iná tééré tí wọ́n ń lẹ̀ bíi téèpù ni kí ẹ lò, ṣùgbọ́n kí káfíńtà yọ ètè díẹ̀ sí iwájú òrùlé àpótí náà, kí iná téèpù sá pamọ́ sẹ́yìn ètè náà, kó kọjú sínú, kí ẹnikẹ́ni má lè rí i lójúkojú. Ẹ fi í sínú kòtò alumíníọ̀mù tó ní ìdérí funfun bíi wàrà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àmì tó-tò-tó rẹ̀ ni yóò máa hàn lára idẹ. Kí ó má ṣe wà lókè ibi tí fìtílà ń jó. Àpótí kékeré tó ń fún un ní iná, èyí tí wọ́n ń pè ní dráífà, kò gbọdọ̀ sí nínú àpótí ère. Ẹ gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti lè fẹ́ sí i, tí ọwọ́ sì lè tó o lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́.

Iná aláwọ̀ mèremère tí oníṣẹ́ yín fẹ́ lẹ̀ sẹ́yìn ère ń kọ́? Bí iná ẹ̀yìn bá lágbára ju ti iwájú lọ, òjìji lásán ni ère yóò dà, a ó rí apá rẹ̀ ṣùgbọ́n a kò ní í rí ojú rẹ̀. Bí ọkọ yín bá fẹ́ ẹ, kí ó jẹ́ 2,700K náà, kí ó sì ṣú ju ti iwájú lọ. Ẹ fi ti àwọ̀ mèremère pamọ́ di ọjọ́ Diwali, tó máa ń bọ́ sí oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, ní alẹ́ tí òṣùpá kì í yọ. Ìtumọ̀ orúkọ àjọ̀dún náà ni fìtílà tí a tò ní ìlà, nítorí náà ẹnu ọ̀nà, orí àtẹ̀gùn àti ojú fèrèsé ni ipò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi iná wáyà tiwọn wé ọgbà níta.

Ní ti ìbòrí iná méjèèjì, ẹ ra ti igbá, kí ẹ sì fi ti awọ sílẹ̀. Iṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ lẹ́wà, mo ní tìmùtìmù méjì nílé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù kì í gbé ohun aláwọ wọ ibi ìjọsìn rárá, bí ó ti wù kó lẹ́wà tó. Ìdí nìyẹn tí bàtà àti ìgbànú fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Pálọ̀ ni kí ti awọ wà. Igbá fínfín ní tirẹ̀ yóò ju òjìji ọnà ara rẹ̀ sára ògiri, yóò sì dára gan-an ní igun tó jìnnà sí pẹpẹ. Gílóòbù LED oníwáàtì 3 ni kí ẹ fi sínú rẹ̀, nítorí pé gílóòbù àtijọ́ ń gbóná, igbá tó ti gbẹ sì ń jó bí ìṣáná. Kí ẹ sì fi han ọkọ yín kí ẹ tó so ó.

Ó kù díẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ìlànà ilé kíkọ́ tiwọn tí wọ́n ń pè ní Vastu, igun tó wà láàárín àríwá àti ìlà oòrùn ni wọ́n máa ń yàn fún yàrá yìí, wọ́n sì fẹ́ràn kí ẹni tó ń gbàdúrà kọjú sí ìlà oòrùn. Èyí túmọ̀ sí pé ara ògiri ìlà oòrùn ni pẹpẹ yóò wà. Bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn ère náà, oòrùn àárọ̀ yóò máa wọlé sójú ẹni tó ń gbàdúrà, ojú ère yóò sì ṣókùnkùn. Kọ́tíìnì funfun tó fẹ́lẹ́ ni oògùn rẹ̀.

Súwíìṣì mẹ́ta ni kí wọ́n fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró. Àkọ́kọ́ fún gílóòbù méjì oníwáàtì 5 tí a ń tàn nígbà tí a bá ń gbálẹ̀ tàbí tí a bá ń ka ìwé, ìkejì fún iná ojú ère, ìkẹta fún iná kékeré oníwáàtì 1 tí yóò máa wà ní òru. Tí aarti bá bẹ̀rẹ̀, wọn yóò pa àkọ́kọ́. Kí àwọn súwíìṣì náà wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, nítorí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ló ń wọ yàrá yìí, ọwọ́ tútù àti súwíìṣì kò sì jọ ń rìn. Gbogbo iná náà pa pọ̀ kò ní í ju nǹkan bíi wáàtì 20 lọ, nítorí náà bátìrì ínfátà 12V oní-100Ah kan lè gbé e ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ láìmí kanlẹ̀, kódà bí a kò bá lò ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ. Wáyà bàbà 1.5mm² ni kí wọ́n fi fa iná, kí wọ́n sì yan gílóòbù tí páálí rẹ̀ sọ pé ó lè gba 85V títí dé 265V; ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí. Mo ní ilé ní Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Ará Íńdíà kan gba yàrá méjì lọ́wọ́ mi, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, owó ilé rẹ̀ kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń tan fìtílà elépo láàárọ̀ àti lálẹ́ lábẹ́ àjà PVC, àyè dúdú kan sì ti hàn lókè ibẹ̀. Ó tún ń jó káńfọ̀. Mo gbọ́ pé àjọ̀dún wọn kan wà tí iná náà kò gbọdọ̀ kú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ṣé kí n ní kó máa lo fìtílà alábàtìrì ni?
Onílé kan, Ọ̀yọ́.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ̀rù yín tọ́. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ kò tíì gbàgbé iná tó jó ọjà Akẹ̀sán ní oṣù kìíní ọdún 2020. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé fìtílà alábàtìrì lé e lọ́wọ́. Àwọn kan nínú wọn ń lò ó ní òru tàbí ní ọ́fíìsì, àwọn mìíràn kò kà á sí iná rárá. Òun ni kó sọ èwo nínú wọn ni òun jẹ́. Ẹ pè é jókòó, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ ibi tí iná náà wà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná náà fúnra rẹ̀.

Àyè dúdú yẹn ń sọ ohun méjì: òwú rẹ̀ gùn jù, àjà sì sún mọ́ iná jù. PVC kì í dúró de iná kó tó bàjẹ́, ooru lásán ń mú un rọ̀, bó bá sì gbiná, èéfín rẹ̀ burú fún èémí. Ìwọ̀n tèmi ni pé kí ohunkóhun tó lè jó jìnnà sí orí fìtílà tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kọ́tíìnì náà kò sì gbọdọ̀ dé ìtòsí rẹ̀. Bí àyè kò bá gbà, kí ó gbé fìtílà sórí pẹpẹ tó rẹlẹ̀, lórí àwo idẹ fífẹ̀ tó ní etí tàbí lórí táìsì, kí ẹ̀yin sì yọ PVC ibẹ̀, kí ẹ fi ohun tí kò lè jó rọ́pò rẹ̀. Ẹ pín ìnáwó náà.

Ẹ wo fáànù pẹ̀lú. Bí fáànù àjà bá ń fẹ́ lu fìtílà, iná yóò máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, èéfín yóò pọ̀ sí i, epo yóò sì máa ta sílẹ̀. Ìgò fìtílà bíi ti àtùpà ni kí ó fi bò ó, tí òkè rẹ̀ là.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù kì í fẹnu fẹ́ iná àdúrà pa. Wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ kó jó tán. Bí ẹ bá wá pàṣẹ pé kó máa pa iná kó tó jáde, ẹ ti fi í sínú ìdààmú. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wọn epo. Kó wò ó lọ́jọ́ ìsinmi kan iye àkókò tí ṣíbí kékeré kan fi ń jó nínú fìtílà rẹ̀, kó sì máa bu ìwọ̀n tí yóò tán kí òun tó ti ilẹ̀kùn. Ní ti àjọ̀dún ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ẹ gbọ́, Navaratri ni orúkọ rẹ̀, òru mẹ́sàn-án ló túmọ̀ sí, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ló ń tan iná tí kì í kú nígbà náà. Ẹ béèrè bóyá ó ń ṣe é. Bó bá ń ṣe é, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wà nílé, kí garawa iyanrìn àti ìdérí irin wà nítòsí, nítorí pé a kì í da omi sí epo tó ń jó.

Káńfọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Èyí tí wọ́n ń lò fún aarti ni káńfọ̀ gidi, ó ń jó tán láìsí eérú. Roboto funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà wa ní orúkọ kan náà, èyí tí a ń fi sáàárín aṣọ nítorí kòkòrò, kì í ṣe òun. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní naphthalene ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ń ṣe ara ní jàǹbá. Bí ó bá jẹ́ pé ti inú aṣọ ni ayálégbé yín ń jó nítorí pé tirẹ̀ láti ilé ti tán, ẹ sọ fún un lónìí kó jáwọ́. Kó dúró de èyí tí àwọn ará ilé rẹ̀ yóò fi ránṣẹ́, kí ó máa fi iná ghee nìkan ṣe aarti títí di ìgbà náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Oníṣẹ́ iná ni mí. Mo fi súwíìṣì tí a ń yí láti dín iná kù sí yàrá àdúrà oníbàárà mi kan tó jẹ́ Híńdù, kó lè máa rọ iná sílẹ̀ nígbà àdúrà. Gílóòbù LED méjì oníwáàtì 5 ni mo so mọ́ ọn. Bí ó bá ti yí i wálẹ̀ dé ìdajì, wọ́n á máa ṣẹ́jú, bó bá sì di pé ínfátà ló ń gbé e, ó tún burú sí i.
Oníṣẹ́ iná, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, súwíìṣì àtijọ́ lo rà. Gílóòbù tó ń gbóná ni wọ́n ṣe é fún, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ kò bá tó wáàtì 40, wáàtì 10 péré lo sì gbé lé e. Wá èyí tí wọ́n kọ LED sí lára, kó o sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sára páálí gílóòbù pàápàá pé a lè dín in kù. Tí ọ̀kan bá ní i, tí èkejì kò ní i, ṣíṣẹ́jú tí iná ń ṣẹ́jú yẹn kò ní í dáwọ́ dúró. Ti ínfátà, wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá pure sine wave ni, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti iná ìjọba. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kì í bá súwíìṣì yìí rẹ́.

Bí owó oníbàárà kò bá gbé ìwọ̀nyí, tú súwíìṣì náà, kí o fa gílóòbù méjèèjì sórí súwíìṣì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí o sì pààrọ̀ ọ̀kan sí oníwáàtì 2. Yóò máa tan oníwáàtì 5 bó bá ń tún yàrá ṣe, yóò sì máa tan oníwáàtì 2 bó bá ti gbé fìtílà lọ́wọ́. Kó o tó kúrò níbẹ̀, ní kó tan diya kan, kó o jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó o wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ diya náà ń dé ara ògiri.